Orúkọ Ta Ni Ká Kọ Síbẹ̀?

Láptọ́ọ̀pù náà wúwo ju kílò mẹ́ta lọ. Mo mọ̀ nítorí pé mo gbé e sórí ìwọ̀n níbi iṣẹ́ mi ní Ballycoolin ní ìlú Dublin, ní Ireland, níbi tí mo ti ń ka ẹrù wọlé tí mo sì ń ka ẹrù jáde. Ọ́fíìsì kan ní Citywest ló ń kó ògbólógbòó kọ̀ǹpútà wọn dà sóde. Ìyàwó mi ló ń tún ibẹ̀ ṣe láràárọ̀ nígbà náà, wọ́n sì ní kó mú ọ̀kan. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Bí a bá yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó parí nìyẹn. Lẹ́tà P rẹ̀ ti ṣí dànù, ìdí bíìrò ni mo fi ń tẹ ihò tó kù síbẹ̀.

Orí tábìlì ìjẹun ni mo gbé e sí ní ilé wa ní Tallaght, mo sì dojú rẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, kí ẹni tó bá ń jáde bọ̀ lè rí ohun tí ọmọ ń wò. Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ fi í ṣe, mo sì ṣe é dáadáa.

Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, obìnrin ni, ẹ̀jẹ̀ SS ló sì ní. AS ni mí, AS ni ìyá rẹ̀, àwa méjèèjì kò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó so yìgì. Àwọn àgbà ilé wa ń pe àìsàn náà ní fòníkú-fọ̀ladìde. Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti ń kọ gbogbo ìgbà tí ìrora bá gbé e dè sínú ìwé: ọjọ́, wákàtí, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ibi tó ń dùn ún, oògùn tí a fún un, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́n tó láti sọ ọ́, mo fi òpó keje kún un, iye tí òun fúnra rẹ̀ pe ìrora náà, láti oókan dé ẹ̀wá. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù dé, mo tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan. Oṣù mẹ́ta ló gbà mí. Dókítà kan ní ilé ìwòsàn sọ fún mi pé òun kò tíì rí bàbá tó kọ irú rẹ̀ rí. N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń tún un sọ fún ara mi.

Ìgbà tí ọmọ náà dé kíláàsì àṣejáde ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fi dá wa lóhùn, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Dublin, bó tilẹ̀ gbọ́ gbogbo Yorùbá tí a bá sọ. Èmi ni mo ń yí ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà níhìn-ín.

"Dádì, nǹkan tí wọ́n ń fún wa níléèwé ò ṣí lórí yoke yìí mọ́. Ó ti gbó jù." Yoke ni wọ́n ń pe ohunkóhun níbí.

"Kí ni kò ṣí? Dárúkọ wọn."

Ó dárúkọ mẹ́ta, mo kọ wọ́n sílẹ̀. Ní Sátidé, mo dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní kò ṣí rárá. Èkejì ṣí dé ìdajì, ó sì dá dúró síbẹ̀. Ẹ̀kẹta mú kọ̀ǹpútà náà dákú, mo ní láti fa wáyà rẹ̀ yọ.

"Òótọ́ lo sọ," ni mo wí fún un.

"Ṣé ẹ rò pé irọ́ ni mo ń pa ni?"

"N kò rò nǹkan kan. Mo wò ó ni."

Ọkùnrin kan wà tí a jọ máa ń kí ìrun Jímọ̀, ẹni bí ọmọ àádọ́ta ọdún, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú pálọ̀ rẹ̀, kò jìnnà sí wa. Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ bá a. Ó yí i po, ó ṣí ikùn rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Alhaji, arúgbó lẹ gbé wá! Ṣé ẹ fẹ́ kí n rán an lọ sí yunifásítì ni?"

"Ẹ ṣáà bá mi ṣe é kó lè ka ìwé kan sí i."

"Á kà á. Ṣùgbọ́n á máa tòògbé ní kíláàsì o."

Ó ṣàlàyé fún mi pé ètò ìpìlẹ̀ tó ń gbé kọ̀ǹpútà náà dìde ti di ti àtijọ́, pé a ní láti pa á rẹ́ pátápátá kí a sì fi ti tuntun sí i. Ìyẹn nìkan kò tó. Mẹ́mórì rẹ̀ kéré. Bí a kò bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ètò tuntun á jókòó lé e lórí bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé ọmọdé. Mo béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí fáìlì mi. Ó ní òun á kọ́kọ́ dà á sórí síídì, òun á sì dá a padà lẹ́yìn iṣẹ́. Mo ní kó ṣe síídì méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Ó ṣe méjì.

Èmi àti ọmọ mi ni a jọ lọ ní Sátidé tó tẹ̀lé e, nínú ìsinmi oṣù kẹrin. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ní oṣù tó ṣáájú. A jókòó sórí àga gbọọrọ, a ń wo ìlà kan tó ń gùn díẹ̀díẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Nígbà tó kàn dé mọ́kàndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún, ó tó àkókò ìrun ọ̀sán, a dìde, a kírun. Nígbà tí a sálámà tán, ó ti dé ogójì.

"Àdúrà yín mà gbà o," ni ọmọ mi wí, ọkùnrin náà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

Ní ìgbẹ̀yìn, ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ó béèrè ìbéèrè kan. Ọkùnrin náà yíjú sí mi.

"Orúkọ ta ni ká kọ síbẹ̀? Ẹni tí a bá kọ́kọ́ kọ ni onílé o. Òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn, òun ló ń tì í."

"Ẹ kọ orúkọ ọmọ."

"Kì í ṣe tiyín? Ṣó dá yín lójú?"

"Kí ni mo ní tí kì í ṣe tirẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ti máa ń dáhùn irú ìbéèrè yìí látẹ̀yìnwá. Ìdajì pílọ́ọ̀tì tí mo rà sílé, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé rẹ̀. Èmi fúnra mi, láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ́ lórúkọ, kò sẹ́ni tó pe orúkọ tí bàbá mi fún mi mọ́. Bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ọkùnrin náà ń bá àlàyé lọ: pé òun á ṣe yàrá kékeré kan fún èmi náà, pé ohun tó bá wà lọ́dọ̀ onílé, àlejò kò lè ṣí i àfi bí onílé bá gbà. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi tán. Ọmọ mi ń wò mí, bí ẹni pé ó ń dúró de kí n béèrè. N kò fẹ́ kó rí i pé ohun kan wà tí kò yé bàbá òun. Mo mi orí.

"It's grand, Dádì," ló wí, pé kò sí wàhálà.

Ó bá mi yan àwòrán ẹṣin sí yàrá mi, ó yan labalábá sí tirẹ̀. Fáìlì mi ńkọ́? "Orúkọ ọmọ ló wà lórí rẹ̀," ni ọkùnrin náà wí, "ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé e sí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ náà délé bí ẹni gbé ẹyin.

Lórí ètò àtijọ́, ọmọ náà ti fi páásíwọ́ọ̀dù sí i nígbà kan rí, ṣùgbọ́n bí o bá tẹ kọ́kọ́rọ́ tó wà ní igun òkè pátákó ìtẹ̀wé lọ́wọ́ òsì, gbogbo rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ fún ọ láìbi ọ́ léèrè. Mo mọ kọ́kọ́rọ́ náà. Mo sì máa ń lò ó, n kò ní purọ́. Lórí ètò tuntun, mo tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Labalábá náà kàn ń wò mí ni.

Mo bá ọmọ náà sọ ọ́ nídìí oúnjẹ.

"Gbogbo èèyàn ló ń fi páásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀, Dádì."

"Fáìlì mi wà níbẹ̀."

"Fáìlì mi ni. Ìrora mi ni. Ẹ jẹ́ kí èmi máa kọ ọ́ báyìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣooṣù, màá tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín."

Ìyàwó mi gbé àwo kúrò nílẹ̀. "Dádì ẹ, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ó ti tó bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó, mo sì gbà. Kò tán síbẹ̀, inú mi dùn. Mo ń sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ọmọ mi ti ń tọ́jú ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan náà yẹn ló sọ ibi tó fẹ́ lọ fún wa. Galway, ní ìhà kejì orílẹ̀-èdè yìí. Ó fẹ́ kọ́ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú òkun.

"Òkun?" ni mo wí. "Ìwọ? Nínú òtútù yẹn?"

"Wọ́n ní aṣọ tí wọ́n ń wọ̀, Dádì."

"Ta ló mọ̀ ọ́ níbẹ̀? Ní Tallaght níbí, bí o bá wọ ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ti mọ apá tó yẹ kí wọ́n gún. Ta ló máa sáré tọ̀ ọ́ wá ní Galway? Ẹja?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Nígbà tó yá, mo dá a lóhùn bí mo ṣe rò pé ó tọ́. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìrora ti gbé e dè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ní oṣù kìíní, ìyẹn dára. Bí kò bá sí òmíràn títí èsì ìdánwò á fi jáde, yóò lọ. Bí ẹyọ kan bá wà, Dublin ni yóò wà.

"Ẹyọ kan péré?"

"Ẹyọ kan."

"Ẹ ṣèlérí?"

"O ti rí i tí mo yẹ àdéhùn rí?"

Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ó tẹ ìwé náà jáde fún mi: kò sí. Oṣù kẹfà, kò sí. Oṣù keje, kò sí. Oṣù kẹjọ, kò sí. Mo ń tò wọ́n sínú fáìlì aláwọ̀ búlúù, mo ń kó o sínú press, kọ́bọ́ọ̀dù ara ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìgbóná omi, níbi tí ọ̀rinrin kò lè dé. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìwé wọ̀nyẹn. Ní orí ẹní ìkírun ni mo ti ń dúpẹ́, mo ń dárúkọ oṣù kọ̀ọ̀kan.

Èsì jáde, Galway gbà á. N kò yẹ àdéhùn. Mo ra ẹ̀wù òtútù tó nípọn fún un, mo ra rọ́bà tí a ń rọ omi gbígbóná sí, méjì, bí ọ̀kan bá jò.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó lọ, ilé ìwòsàn ní kó wá kí wọ́n lè kọ lẹ́tà sí àwọn dókítà tó máa gbà á lọ́hùn-ún. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ. Mo mú fáìlì búlúù dání. Dókítà náà, obìnrin kan tó mọ̀ wá dáadáa, bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ kí àwa òbí wà níbẹ̀. Ó ní kò burú. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń kà á jẹ́jẹ́, ó ń sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìrora ti gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn lọ́dún yìí.

Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ má bínú, Dókítà, ẹ̀ẹ̀kan ni. Oṣù kìíní. Ó wà nínú ìwé níbí."

Mo tẹ́ àwọn ìwé náà sí iwájú rẹ̀ ní ìtẹ̀léra. Ó wò wọ́n. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ mi, kò sì wò mí. Ó ní òun ń bọ̀, pé òun fẹ́ mú nǹkan wá ní yàrá kejì.

"Dádì," ni ọmọ mi wí.

Mo yíjú sí ìyàwó mi. Ó ń ṣí síípù báàgì rẹ̀, ó ń pa á dé. Ìgbà náà ló yé mi. Mo kó àwọn ìwé mi jọ, wọn kò tò mọ́, n kò sì tún wọn tò.

Nígbà tí a délé, ọmọ náà lọ jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù, ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ láìfi ọwọ́ bò ó, ó dìde, ó ní kí n jókòó. Fáìlì méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ "Fún Dádì." Èkejì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Mo ṣí èkejì. Òpó méje mi wà níbẹ̀ bí mo ṣe tò wọ́n, kò fo ọ̀kankan. Oṣù karùn-ún, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ àárọ̀, òjò, ẹ̀yìn àti itan, mẹ́jọ. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀: Mámì. Oṣù keje, ọjọ́ Jímọ̀, òtútù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àyà, mẹ́sàn-án. Ó sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀: Mámì. Ó ti fi òpó kẹjọ kún un. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ̀ mí létí. Àkọlé rẹ̀ ni "Ohun tí a sọ fún Dádì." Ní oṣù karùn-ún: pé ó wà níléèwé. Ní oṣù keje: pé òun àti Mámì lọ síbi wáàsí àwọn obìnrin, wọ́n á sùn síbẹ̀.

Mo rántí òpin ọ̀sẹ̀ náà. Mo fọ mọ́tò. Mo ra ẹja, mo dín in, mo tọ́jú tiwọn sínú fíríìjì. Nígbà tí wọ́n dé, mo bi wọ́n bí wáàsí ṣe rí, ìyàwó mi ní ó dára, pé alùfáà náà sọ̀rọ̀ lórí sùúrù.

"Mẹ́sàn-án," ni mo wí. "Nínú àyà. O gbé ọmọ mi lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú mẹ́sàn-án, o sì wá jẹ ẹja tí mo dín."

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹyọ kan," ni ìyàwó mi wí. "Èmi kọ́ ni mo ní ẹyọ kan. Ṣé ẹ mọ bó ṣe rí kí ọmọ máa jẹ̀rora kó tún máa bẹ mí pé kí n má pè yín?"

"Ó yẹ kí o pè mí."

"Bí mo bá pè yín, ṣé ẹ ò ní kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo máa kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́.

"Àdéhùn ti bàjẹ́," ni mo sọ fún ọmọ náà.

"Mo mọ̀, Dádì." Yorùbá ló fi sọ ìyókù, pẹ̀lú ohùn Dublin rẹ̀, kó má baà sí pé n kò gbọ́ ọ. "Mo ń lọ ṣá."

Mo tẹ ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà láago, kí n lè rí ẹlòmíràn bá jà. Ó gbọ́ mi tán.

"Alhaji, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín. Ẹ ní kí n kọ orúkọ ọmọ. Ṣé ẹ fẹ́ kí n wá yí i padà? Kò lè gbà ju wákàtí kan lọ."

Mo ní màá pè é padà. N kò pè é.

Kò sí ìwé kan tó nílò ìbuwọ́lù mi. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ti yunifásítì, ti ilé ìwòsàn, ti yàrá. Tirẹ̀ nìkan ni gbogbo wọn ń béèrè. Mo fi mọ́tò gbé e lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, mo gbé ẹrù rẹ̀ wọlé, mo ṣàdúrà fún un. Ẹnu mi ń ṣe é dáadáa, ọmọ náà ní àmín sí gbogbo rẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ kò sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ láàárín ara wa títí oṣù náà fi parí.

Ní oṣù kẹwàá, mo wà níbi iṣẹ́, fóònù mi dún. Òun ni.

"Dádì, mo wà ní ilé ìwòsàn níbí. Ẹ má sáré. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni. Ẹsẹ̀ ni. Mẹ́rin."

"Mẹ́rin."

"Mẹ́rin, Dádì. Ọ̀la ni wọ́n máa jẹ́ kí n lọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo wọ bọ́ọ̀sì Galway. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Mẹ́rin tó sọ, mo ń yí i po nínú orí mi títí a fi dé. Mo ń rò pé bí "kò sí" bá lè jẹ́ mẹ́sàn-án, kí ni mẹ́rin? Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí a fi ń mí, fún aṣọ ìkélé tí wọ́n fà yí ibùsùn ká.

Ó jókòó lórí ibùsùn, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbé ń kun èékánná ẹsẹ̀ tí kò dùn ún. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ohun kan. Ìwé ìtọ́jú rẹ̀ wà lára irin ìdí ibùsùn. N kò tíì kí i tí mo fi mú un. Mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń kọjá lọ, mo bi òun náà. Ó ní mẹ́rin, pé ó ti ń lọ sí mẹ́ta.

Mo dá ìwé náà padà sí àyè rẹ̀.

"Gbogbo ọ̀nà yìí lẹ wá?" ni ọmọ mi wí. "Mo sọ fún yín pé mẹ́rin ni."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ò gbà mí gbọ́."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa ìgò ọ̀dà èékánná rẹ̀ dé, ó dìde, ó ní òun ń lọ mu tíì. Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì mi, mo ń wá ibi tí mo lè gbé e kọ́.